Kóríyá Owó Orí fún Ìtọ́jú Ilé Onítàn: Ìṣẹ̀dá Ọ̀rọ̀ fún Orè àti Odígbó

Òfin tó bá fẹ́ lo owó orí láti dáàbò bo ilé onítàn máa ń so ohun méjì pọ̀, èyíinì ni owó tí ìjọba fi sílẹ̀ láì gbà àti iṣẹ́ tí onílé gbà láti ṣe. Ọ̀rọ̀ Yorùbá tí wọ́n bá ṣẹ̀dá fún irú òfin bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ gbé ìhà méjèèjì yọ, nítorí bí ó bá dárúkọ àǹfààní nìkan, àwọn ará Orè àti Odígbó yóò kà á sí ẹ̀bùn, bí ó bá sì dárúkọ iṣẹ́ nìkan, wọn yóò kà á sí ọgbọ́n tí ìjọba ń dá láti gba ilé lọ́wọ́ ẹni tó jogún rẹ̀.

Orúkọ owó náà ni ìpìlẹ̀. Àtòjọ Kẹrin nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 fún ìjọba ìbílẹ̀ ní iṣẹ́ dídíyelé ilé àdáni, kí wọ́n lè gba owó tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ bá là kalẹ̀ lórí rẹ̀. Nítorí náà, Orè, tí í ṣe ibùjókòó ìjọba ìbílẹ̀ Odígbó, ni iṣẹ́ ìdíyelé wà, ṣùgbọ́n Àkúrẹ́, olú ìlú ìpínlẹ̀ Oǹdó, ni òfin tó bá máa dín owó náà kù yóò ti wá. “Owó ilé” ì bá jẹ́ orúkọ tó kúrú, àmọ́ ohun tí ayálégbé ń san fún onílé ni gbogbo ènìyàn mọ̀ ọ́n sí, nípa bẹ́ẹ̀ “owó orí ilé” ló yẹ jù. “Ìdíyelé” ni iye tí òṣìṣẹ́ ìjọba kà sí ilé lórí kó tó ṣírò owó orí, ó sì yàtọ̀ sí iye tí wọ́n lè ta ilé náà lọ́jà.

Ọ̀nà mẹ́ta ni ìjọba lè gbà fi owó orí sílẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló sì nílò orúkọ tirẹ̀. “Ìdásílẹ̀” ni kí ilé má san ohunkóhun rárá, bí òfin owó ìlò ilẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Èkó ṣe dá ààfin àwọn ọba tí ìjọba mọ̀ sílẹ̀. “Ẹ̀dínwó” ni kí ilé san, ṣùgbọ́n kí iye tó máa san dín kù. “Àyọkúrò” ni kí wọ́n ṣírò owó tí onílé ná sórí ilé, kí wọ́n sì yọ apá kan rẹ̀ kúrò nínú owó orí tó jẹ. Irú kẹta yìí ló gbilẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Lónìí, ẹni tó bá tún ilé onítàn tó ń mówó wọlé ṣe ní ìlànà tí ìjọba fọwọ́ sí lè rí ìdá 20 nínú 100 iye tó ná yọ kúrò nínú owó orí rẹ̀, tí wọ́n ó pín in sí ọdún márùn-ún. “Ìdáríjì owó orí” kò bá èyíkéyìí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mu, nítorí ẹni tó ṣẹ̀ tàbí tó jẹ gbèsè ni wọ́n ń dárí jì, onílé tó ń tọ́jú ilé kò sì ṣẹ ẹnikẹ́ni. “Kóríyá”, tí rédíò àti ìwé ìròyìn ti sọ di ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, lè kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, bí wọ́n bá ti so iṣẹ́ mọ́ ọn: “kóríyá ìtọ́jú ilé”.

Iṣẹ́ náà gan-an ní láti wà nínú “àdéhùn ìtọ́jú”. Òfin Mills, tí ìpínlẹ̀ California ṣe ní ọdún 1972, fi irú rẹ̀ hàn: onílé àti ìjọba ìlú máa ń tọwọ́ bọ ìwé fún ó kéré tán ọdún mẹ́wàá, onílé yóò tọ́jú ilé, owó orí rẹ̀ yóò sì dín kù. Ìkéde láìsí àdéhùn kì í tó. Ilé Ilojo ní Tinubu l'Ékòó, tí wọ́n kọ́ ní ọdún 1855, ni ìjọba kéde gẹ́gẹ́ bí ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní ọdún 1956, síbẹ̀ wọ́n wó o palẹ̀ ní ọdún 2016.

Irú ilé wo ni òfin náà ń sọ? “Ilé ìṣẹ̀m̀báyé” ti di orúkọ ibi tí wọ́n ń kó ohun àtijọ́ sí. “Ilé àtijọ́” sì ń fi ọjọ́ orí ṣe òṣùwọ̀n, èyí tí kò bá Orè mu. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1967, àwọn ọmọ ogun Biafra tí wọ́n ti gba agbègbè Àárín-Ìwọ̀-Oòrùn gba ibẹ̀ dojú kọ Èkó, Orè sì ni àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ ti dá wọn dúró. Ilé tí ogun náà ṣojú rẹ̀ lè má ju ọdún mẹ́wàá lọ nígbà náà, ṣùgbọ́n ìtàn ti rọ̀ mọ́ ọn. “Ilé onítàn”, ìyẹn ilé tí ìtàn ìlú rọ̀ mọ́, ló lè gba òun àti ààfin tó ti pẹ́ ní Odígbó pọ̀.

Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ló gba ìṣọ́ra jù. “Àtúnṣe” lásán lè ṣe ilé lọ́ṣẹ́: bíríkìlà tó bá fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ògiri alámọ̀ ti tún un ṣe lójú ará àdúgbò, ṣùgbọ́n sìmẹ́ǹtì náà yóò há omi mọ́ inú ògiri, amọ̀ yóò sì máa jẹra. Ó yẹ kí òfin pín in sí “ìtọ́jú”, tí í ṣe dídènà ìbàjẹ́, àti “ìdápadà”, tí í ṣe fífi ohun èlò irú ti tẹ́lẹ̀ mú apá tó ti bàjẹ́ padà sí bó ṣe wà. “Onílé” pẹ̀lú ń fẹ́ àlàyé, nítorí ọ̀pọ̀ ilé onítàn jẹ́ ilé ẹbí, tí olórí ẹbí kò lè dá tọwọ́ bọ̀wé lórí rẹ̀ láìjẹ́ pé àwọn àgbà ẹbí fọwọ́ sí i.

Bí wọ́n bá to àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí pọ̀, abala òfin kan lè kà báyìí: “Ẹbí tó bá bá ìjọba ìbílẹ̀ ṣe àdéhùn ìtọ́jú lórí ilé onítàn yóò gba ẹ̀dínwó owó orí ilé fún ọdún mẹ́wàá, bí wọ́n bá wó ilé náà kí ọdún tó pé, ìjọba yóò gba owó tó ti fi sílẹ̀ padà.” Olórí ẹbí tó bá gbọ́ ọ, tó sì lè sọ ohun tó máa rí gbà, ohun tó gbọ́dọ̀ ṣe àti ohun tó máa san bí ó bá yẹ àdéhùn, ti gbọ́ òfin náà yé láìsí ògbufọ̀.