Ọ̀jọ̀gbọ́n

Ẹni tí ọgbọ́n rẹ̀ jinlẹ̀ ni Yorùbá ń pè ní ọ̀jọ̀gbọ́n kí yunifásítì tó dé. Lónìí, oyè tó ga jù láàárín àwọn olùkọ́ yunifásítì ni. Ọ̀mọ̀wé ní tirẹ̀ ni ẹni tó ti gba oyè dókítà nínú ìmọ̀, tí kò tíì dé ipò yẹn. Ní Amẹ́ríkà, akẹ́kọ̀ọ́ sábà máa ń pe olùkọ́ yunifásítì èyíkéyìí ní Professor. Ní Nàìjíríà, àṣìpè ni. Nítorí náà, bí sáà ẹ̀kọ́ tuntun bá bẹ̀rẹ̀, ó dára kí akẹ́kọ̀ọ́ ka ohun tí wọ́n kọ sára ilẹ̀kùn ọ́fíìsì olùkọ́ dáadáa kó tó kanlẹ̀kùn: Dr. ni, àbí Prof.? Oyè tó bá wà níbẹ̀ ni kó fi kí olùkọ́ rẹ̀.