Àyẹ̀wò Ojú Lábẹ́ Ètò Adójútòfò Ìlera: Ohun Tí Ó Yẹ Kí Ará Igbogila Mọ̀

Bí a bá pe orin nínú ìsìn, a máa ń rí àwọn àgbà ìjọ tí wọ́n na ìwé orin jìnnà sí ojú kí wọ́n tó lè kà á. Àwọn mìíràn ti pa ìwé dé pátápátá, ohun tí wọ́n mọ̀ sórí ni wọ́n ń kọ. Ohun tí a sábà máa ń sọ ni pé ọjọ́ orí ni. Òótọ́ ni pé ojú àgbà a máa rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun mìíràn tí ó burú ju ọjọ́ orí lọ lè fara pamọ́ sábẹ́ rẹ̀, àyẹ̀wò nìkan ni ó sì lè fi ìyàtọ̀ hàn. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ ṣàlàyé fún ẹ̀yin ará wa ní Igbogila àti ní gbogbo ilẹ̀ Yewa, ẹni tí ó yẹ kí ó san owó àyẹ̀wò yìí àti ọ̀nà tí ènìyàn lè gbà rí i.

Òfin ọdún 1999 ni ó dá ètò adójútòfò ìlera ti ìjọba àpapọ̀ sílẹ̀, èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí NHIS. Oṣù Kẹfà ọdún 2005 ni Ààrẹ Olusegun Obasanjo ṣí i. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni ó kọ́kọ́ jẹ àǹfààní rẹ̀. Ìlànà ìbẹ̀rẹ̀ ni pé kí agbanisíṣẹ́ san ìdá 10 nínú 100 ìpìlẹ̀ owó oṣù, kí òṣìṣẹ́ san ìdá 5. Owó yìí yóò bo òṣìṣẹ́, ọkọ tàbí aya rẹ̀, àti ọmọ mẹ́rin tí kò tíì pé ọdún 18.

Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni àyẹ̀wò ojú àti ìtọ́jú rẹ̀ ti wà nínú ìwé àǹfààní ètò náà. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ tí orúkọ wọn wà níbẹ̀ kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ibà àti ìbímọ nìkan ni wọ́n rò pé káàdì náà wà fún. Contact lens kò sí nínú rẹ̀. Ní ti awò ojú, ẹ bèèrè kí ẹ tó mú un, nítorí pé ètò san owó àyẹ̀wò kò túmọ̀ sí pé yóò san owó awò. Bákan náà, ẹni tí a fún ní oògùn ni yóò san ìdá 10 owó oògùn náà láti àpò ara rẹ̀.

Ọ̀nà tí a ń gbà dé ọ̀dọ̀ dókítà ojú ṣe pàtàkì. Ilé ìwòsàn tí ènìyàn forúkọ sílẹ̀ sí ni yóò kọ́kọ́ lọ. Bí wọn kò bá ní ẹ̀ka ojú níbẹ̀, wọn yóò kọ ìwé tí yóò darí rẹ̀ sí ilé ìwòsàn tí ó tóbi jù ú lọ. Ẹni tí ó bá ti Igbogila gba ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ní Ìdí-Àbà, Abẹ́òkúta, lọ tààrà láìní ìwé yìí lọ́wọ́, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ní kí ó san gbogbo owó, yóò sì padà sílé máa sọ pé irọ́ ni ètò náà.

Ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ni òṣìṣẹ́ ìjọba? Àgbẹ̀, oníṣòwò, ọlọ́kadà àti oníṣẹ́ ọwọ́ ni ó pọ̀ jù láàrin wa. Ọ̀pọ̀ àlùfáà pàápàá kò sí lábẹ́ ètò kankan. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2022 ni Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí òfin tuntun tí ó sọ NHIS di NHIA, tí ó sì sọ adójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo ẹni tí ń gbé Nàìjíríà. Òfin náà dá àpò owó kan sílẹ̀ fún àwọn ọmọdé tí kò tíì pé ọdún 5, aboyún, arúgbó, aláàbọ̀ ara àti aláìní. Láti kọ dandan sínú ìwé kò ṣòro. Kí ó dé abúlé ni ó kù.

Ìpínlẹ̀ Ògùn ní àjọ adójútòfò ìlera tirẹ̀. Ní àkókò Gómìnà Ibikunle Amosun ni ètò Àràyá ti bẹ̀rẹ̀, tí ó fẹ́ kí ará ìlú tí kì í gba owó oṣù lè san owó díẹ̀ lọ́dún. Ní ti ìjọba àpapọ̀, ètò tí wọ́n ń pè ní GIFSHIP wà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ìdílé, àti ẹgbẹ́. Ẹ kíyè sí ẹgbẹ́ yìí. Ẹgbẹ́ ìyá ìjọ lè kó ara wọn jọ forúkọ sílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń dá àjọ. Ìwé àǹfààní ètò kan kò bá ti èkejì mu, nítorí náà ẹ béèrè ohun tí ó wà fún ojú kí ẹ tó san owó.

Kí ló dé tí a fi ń tẹnu mọ́ àyẹ̀wò tó bẹ́ẹ̀? Láàrin ọdún 2005 sí 2007, wọ́n yẹ ojú àwọn ènìyàn tí ó lé ní 13,000 wò káàkiri Nàìjíríà, àwọn tí ó ti tó ẹni ogójì ọdún sókè. Wọ́n rí i pé ìdá 4.2 nínú 100 wọn ni ó fọ́jú, àti pé ìdá 84 nínú 100 ìfọ́jú náà jẹ́ èyí tí a ìbá ti dènà tàbí tí a lè wò. Cataract, tí í sọ àárín ẹyinjú di funfun, ni ó jẹ́ ìdá 43. Iṣẹ́ abẹ lè mú un kúrò kí ojú sì tún ríran. Àmọ́ nínú àwọn ojú tí a ti tọ́jú cataract wọn, ó lé ní ìdá 42 nínú 100 tí ó jẹ́ pé àwọn alábẹ́rẹ́ ìbílẹ̀ ni ó ti nǹkan funfun náà sẹ́yìn sínú ojú. Ọ̀pọ̀ ojú bẹ́ẹ̀ ni ó bàjẹ́. A kò dá àwọn tí ó lọ síbẹ̀ lẹ́bi: alábẹ́rẹ́ wá bá wọn lẹ́nu ọ̀nà, ilé ìwòsàn jìnnà, kò sì sí owó.

Glaucoma ni ó yẹ kí a bẹ̀rù jù. Kì í sábà dunni, kì í pọ́n ojú. Ẹ̀gbẹ́ ni ó ti ń jẹ ìríran wọlé díẹ̀díẹ̀. Ohun tí ó bá ti mú lọ, dókítà kò lè dá a padà. Èyí tí ó kù ni oògùn tàbí iṣẹ́ abẹ lè dáàbò bò. Ìwádìí kan náà fi hàn pé nínú 100 ènìyàn tí ó ní i, nǹkan bí 94 ni kò mọ̀ rárá, bẹ́ẹ̀ ni ẹnì kan nínú márùn-ún ti fọ́jú.

Àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ti fi èyí sínú ètò wọn. Láti ọdún 2002 ni Medicare ti Amẹ́ríkà ti ń san ìpín tí ó pọ̀ jù nínú owó àyẹ̀wò glaucoma lẹ́ẹ̀kan lọ́dún fún àwọn tí ewu rẹ̀ pọ̀ fún. Adúláwọ̀ tí ó ti pé ọdún 50 wà lára wọn, bẹ́ẹ̀ ni alátọ̀gbẹ. Síbẹ̀ Medicare náà kì í san owó àyẹ̀wò tí a fẹ́ fi ra awò lásán. Ní England, ẹni tí ó ti pé ọdún 60 kì í sanwó àyẹ̀wò ojú. Ẹni tí ó ti pé ọdún 40, tí òbí rẹ̀, ọmọ ìyá rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ní glaucoma, kì í sanwó pẹ̀lú. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ ní London, ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ̀ bí àrùn yìí bá wà nínú ìdílé.

Àyẹ̀wò ọ̀fẹ́ tí àwọn olóṣèlú àti ìjọ ń ṣe dára, irú Jigi Bola tí ó lókìkí ní Èkó nígbà tí Bola Tinubu jẹ́ gómìnà. Ẹni tí awò nìkan tó fún yóò jàǹfààní. Ṣùgbọ́n oògùn glaucoma tí a ń kán sójú jẹ́ ti ojoojúmọ́, títí ọjọ́ ayé, nígbà tí àwọn tí ó ṣe àyẹ̀wò ọ̀fẹ́ bá sì ti lọ, ta ni yóò máa ra á? Bí ẹ bá lọ forúkọ sílẹ̀, ẹ mú nọ́ńbà NIN yín lọ́wọ́, kí ẹ sì béèrè bóyá oògùn ìkánsójú yìí wà nínú ìwé oògùn ètò náà.