Ẹ̀rọ̀ Ìpẹtà

Ní Atakpamé, lórílẹ̀-èdè Tógò, láàárín àwọn Ifẹ̀ tí àwọn kan ń pè ní Àná, mo ka ìwé ìpolówó ìyẹ̀fun olú kan tí wọ́n tú láti èdè Faransé sí Yorùbá. Níbi tí Faransé ti ní antioxydant, ó ní olú náà jẹ́ "agbógunti-ọ́síjìn". Ọ́síjìn kẹ̀! Èyí tí à ń mí sínú? Oògùn tó bá gbógun ti ìyẹn, pósí ni kí wọ́n máa tà mọ́ ọn.

Ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ inú iṣẹ́ títú irú ìwé báyìí kò le. Ohu, olú tó ń ta bí iṣu, tí B. A. Oso ti Yunifásítì Ìbàdàn kọ̀wé lé lórí ní 1977, ti lórúkọ kí yunifásítì tó dé. Ergothioneine, èròjà tí Charles Tanret ará Faransé rí ní 1909 lára ìbátan olú tó ń ba ọkà rye jẹ́, kó máa jẹ́ orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Fínọ́ọ̀lù, èròjà olú mìíràn, ẹ jẹ́ kí òun náà kọjá.

Ìpẹtà ni mo fara mọ́ fún ohun tí ọ́síjìn ń ṣe fún irin. Bíbélì àtijọ́ lo ìpáàrà, ṣùgbọ́n "dípẹtà" ló yá lẹ́nu. Àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì ti fẹ ọ̀rọ̀ tiwọn kọjá ọ́síjìn: ohun tó bá pàdánù ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù ti dípẹtà lójú wọn. Tiwa náà á fẹ̀.

"Agbógunti" ni mi ò gbà. Àwa tí à ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀, ogun ṣáá! Aláìléèkejì, bí mo ṣe ń pe èròjà tí ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù rẹ̀ kan kò ní èkejì, a máa já ti ẹlòmíràn gbà. Èròjà inú olú kì í bá a jà. Ó ń fún un ní ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù tirẹ̀, ara aláìléèkejì á sì rọlẹ̀. Ní yàrá ìwádìí, DPPH ni aláìléèkejì tí wọ́n fi ń dán an wò. Àwọ̀ àlùkò ló ní. Bí omi olú bá kán sí i, á máa ṣá títí yóò fi di ìyeyè. Kí ni Yorùbá ń pe ohun tó ń mú nǹkan rọ̀ báyìí? Ẹ̀rọ̀! Omi ìgbín ńkọ́? Ẹ̀rọ̀ náà ni. (Ẹ ṣọ́ àmì ohùn o, ẹ̀rọ tí a fi ń lọ ata, ọ̀tọ̀ ni.)

Ẹnì kan ní ẹ̀rọ̀ ti ṣèlérí ìwòsàn jù. Òótọ́ ni: àwọ̀ tó ṣá nínú ìgò kò sọ pé ara aláìsàn yóò yá. Ìdí nìyẹn tí mo fi so ìpẹtà mọ́ ọn, tí n kò sì ní jẹ́ kí olówò kankan gé e kúrò lára páálí.