Ilé Tí Wọ́n Wò Kí Wọ́n Tó Sọ Ọmọ Ní Esposito

Táíwò: Ọ̀rọ̀ kan ni mo fẹ́ bi yín. Téèyàn bá ń wo bọ́ọ̀lù Ítálì, Esposito pọ̀ níbẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Salvatore, Sebastiano àti Francesco Pio, ọmọ ìyá kan ni wọ́n, Castellammare di Stabia ni wọ́n ti wá. Àmọ́ àwọn Esposito mìíràn wà tí wọn ò bá wọn tan rárá. Ṣé agboolé ńlá kan ni gbogbo wọn ti ṣẹ̀ ni?

Bàbá: Kò sí baba ńlá kan tó bí wọn. Orúkọ yẹn ló pọ̀ jù ní Naples, ó sì wà lára àwọn tó pọ̀ jù ní gbogbo Ítálì, ṣùgbọ́n ara ògiri ni wọ́n ti rí i.

Táíwò: Ara ògiri kẹ̀?

Bàbá: Ilé ìtọ́jú kan wà ní Naples tó ń jẹ́ Annunziata, ní àdúgbò Forcella. Ó ti wà láti àwọn ọdún 1300. Wọ́n gbé àgbá onígi kan sínú ògiri rẹ̀ tó kọjú sí títì, ẹ̀gbẹ́ kan àgbá náà ṣí sílẹ̀, ó sì ń yí. Ìyá á wá lóru, á tẹ́ ọmọ rẹ̀ síbi tó ṣí, á lu agogo. Ẹni tó wà nínú ilé á yí àgbá náà, á gbé ọmọ, kò ní fojú kan ìyá. Mo débẹ̀ nígbà tí mo wà ní Naples, ó ṣì wà níbẹ̀. Ihò náà kò tóbi, àfi bí ẹni pé ọmọ ọwọ́ nìkan ni wọ́n wọ̀n ọ́n fún.

Táíwò: Irú ìyá wo ló máa ṣe bẹ́ẹ̀?

Bàbá: Rọra, má tíì dá wọn lẹ́jọ́. Omidan tó lóyún láìlọ́kọ wà nínú wọn, tí ojú ayé ò ní jẹ́ kó gbé ọmọ náà dàgbà. Tọkọtaya náà wà nínú wọn, tí ìyàn mú, tí oúnjẹ ò kárí àwọn ọmọ tó wà nílẹ̀. Odò ò jìnnà sí ẹni tó bá fẹ́ kí ọmọ kú. Wọ́n ń sọ ọ́ ní Róòmù pé torí òkú ọmọ ọwọ́ tí àwọ̀n àwọn apẹja ń fà jáde nínú odò Tiber ni Póòpù Innocent Kẹta ṣe ní kí wọ́n máa gba ọmọ sílé ìwòsàn Santo Spirito. Àwọn ìyá mìíràn máa ń gé owó idẹ tàbí mẹ́dà sí méjì, wọ́n á so ìdajì mọ́ ọmọ lára, wọ́n á mú ìdajì lọ. Ìyá tí kò ní in lọ́kàn láti padà wá, kí ló fẹ́ fi ìdajì owó ṣe?

Táíwò: Orúkọ náà wá ńkọ́?

Bàbá: Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, àbí? Ilé wo ni wọ́n fẹ́ wò fún ọmọ tí a bá nínú àgbá? Bẹ́ẹ̀, ìpàdé ńlá tí Ìjọ Àgùdà ṣe ní Trent, tó parí ní 1563, ti pàṣẹ pé kí gbogbo àlùfáà máa kọ orúkọ ọmọ tí wọ́n bá ṣèrìbọmi fún sínú ìwé. Akọ̀wé Annunziata á kọ ọjọ́, wákàtí, irú àkísà tí wọ́n fi wé ọmọ, àti àmì tó wà lára rẹ̀. Wọ́n á so òjé kékeré mọ́ ọn lọ́rùn. Wọ́n á sì kọ ọ́ sílẹ̀ ní Esposito, ìyẹn ẹni tí wọ́n gbé síta.

Ọ̀pọ̀ wọn ni kò lo ọdún kan láyé. Obìnrin olómú tí wọ́n ń sanwó fún ló ń fún wọn lọ́mú, ọmú ò sì kárí. Wọ́n ń fi àwọn ọkùnrin tó bá yè sẹ́nu iṣẹ́ ọwọ́, wọ́n sì ń fún àwọn obìnrin lówó tí wọ́n máa gbé dé ilé ọkọ, bí àṣà ibẹ̀.

Táíwò: Gbogbo ayé á wá mọ̀ pé wọ́n gbé wọn jù sílẹ̀ ni.

Bàbá: Ohun tó burú nínú ẹ̀ nìyẹn. Orúkọ tìrẹ náà sọ bí o ṣe wáyé, ṣùgbọ́n ijó ni wọ́n jó sí i. Òótọ́ ni pé ọmọ Màdónà, ìyẹn Màríà Wúńdíá, ni wọ́n ń pe àwọn yẹn ní Naples, èyí sì tù wọ́n nínú díẹ̀.

Naples nìkan kọ́. Ní Florence, ilé ìtọ́jú ọmọ tí ayàwòrán ilé Brunelleschi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ní 1419 ni wọ́n fi sọrí àwọn ọmọ aláìṣẹ̀ tí Hẹ́rọ́dù pa, orúkọ ilé náà ló di Innocenti lára àwọn ọmọ. Ọmọbìnrin ni wọ́n kọ́kọ́ gbà, 5 Oṣù Kejì 1445, ọjọ́ Àgátà Mímọ́, wọ́n sì sọ ọ́ ní Agata. Àdàbà ni àmì ilé ìwòsàn ńlá tí Francesco Sforza, tó ń ṣàkóso Milan, dá sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1456, Colombo sì ni ọmọ ibẹ̀ ń jẹ́ títí di 1825.

Táíwò: Christopher Columbus tí àwọn ará Ítálì ń pè ní Colombo wá ńkọ́?

Bàbá: Kò sí lára wọn. Ọmọ Genoa ni, a mọ bàbá rẹ̀, Domenico, ahunṣọ ni. Colombo ti wà lórúkọ ènìyàn ṣáájú ilé ìwòsàn yẹn.

Táíwò: Ta ló wá fòpin sí sísọ ọmọ ní Esposito?

Bàbá: Murat, àna Napoleon, tó jọba Naples láti 1808 sí 1815. Ó ní wọn ò gbọ́dọ̀ sọ ọmọ àgbá ní Esposito mọ́. Àánú ni, mo sì yìn ín. Àwọn tó ti ń jẹ́ ẹ tẹ́lẹ̀ ń jẹ́ ẹ lọ, àwọn ọmọ wọn náà ń jẹ́ ẹ. Ní 1875, wọ́n ti àgbá náà pa.

Táíwò: Ó dáa nígbà náà.

Bàbá: Ó dáa, ṣùgbọ́n ó mú nǹkan kan lọ. Lẹ́yìn àṣẹ Murat, orúkọ tuntun ni akọ̀wé ń hun fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, kí ẹnikẹ́ni má baà fura. Ọ̀pọ̀ àrọ́mọdọ́mọ wọn wà ní Naples lónìí tí kò mọ̀ pé inú àgbá ni baba ńlá àwọn gbà wọlé. Ẹni tó ń jẹ́ Esposito ní tirẹ̀ mọ ibi tó ti lè bẹ̀rẹ̀ ìwádìí: ìwé àwọn akọ̀wé Annunziata ṣì wà. Tó bá rí ọmọ tí ìran rẹ̀ ti ṣẹ̀ níbẹ̀, ó lè má rí orúkọ ìyá. Wákàtí tó dé, àti aṣọ tó wà lára rẹ̀, ìyẹn ló máa kà.