Ọmọ Ọlọ́lá àti Ọmọ Ìránṣẹ́ ní Christ Church, Oxford



Agogo ńlá kan wà ní ìlú Oxford, ní Ìlú Ọba, tí wọ́n ń pè ní Great Tom. Ní alaalẹ́, bí aago mẹ́sàn-án bá ti fi ìṣẹ́jú márùn-ún kọjá, agogo yìí a dún ní ìgbà 101. Kì í ṣe eré ni wọ́n ń fi í ṣe. Iye àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí kọ́lẹ́ẹ̀jì Christ Church ń fi owó ara rẹ̀ bọ́ láyé àtijọ́ ni wọ́n ń kà. Ṣùgbọ́n àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn wà níbẹ̀ tí agogo kò kà mọ́ wọn: àwọn ọmọ ọlọ́lá tó wà lókè, àti àwọn ọmọ ìránṣẹ́ tó wà nísàlẹ̀. Ìtàn àwọn wọ̀nyí ni a fẹ́ sọ, nítorí pé ẹ̀kọ́ wà nínú rẹ̀ fún àwa tí a ń kọ́ ọmọ àti ẹ̀yin tí ẹ ń rán ọmọ wá.

Thomas Wolsey, ọmọ alápatà kan ní ìlú Ipswich, ni ó bẹ̀rẹ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì yìí ní ọdún 1525. Ìwé ni ó gbé e dé ipò Kádínà àti igbákejì Ọba Henry Kẹjọ. Ní 1529 ọba bínú sí i, iṣẹ́ náà sì dúró. Ní 1546, Ọba Henry fúnra rẹ̀ tún un dá sílẹ̀, ó sì sọ ọ́ ní Christ Church, kọ́lẹ́ẹ̀jì àti kàtídírà lábẹ́ òrùlé kan. Ẹ kíyè sí i pé ọmọ alápatà ni ó fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀. Kò sì pẹ́ tí àwọn ọmọ olówó fi gba iwájú níbẹ̀.

Kí ni àwọn ọlọ́lá ń wá ní ilé-ìwé? Lákọ̀ọ́kọ́, àwọn tí yóò di àlùfáà ni Oxford wà fún, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì lówó lọ́wọ́. Àwọn ọlọ́lá a máa kọ́ ọmọ wọn ní ẹṣin gígùn, idà jíjà àti ọdẹ ṣíṣe nílé. Ṣùgbọ́n láti nǹkan bí ọdún 1550 síwájú, ìjọba ń fẹ́ àwọn tó mọ̀wé láti ṣe adájọ́, láti jókòó ní ilé ìgbìmọ̀ àti láti lọ ṣe aṣojú ọba nílẹ̀ òkèèrè. Ohun kejì ni ọ̀rọ̀ ogún. Lọ́dọ̀ àwọn ọlọ́lá Gẹ̀ẹ́sì, àkọ́bí ọkùnrin ni ó ń kó ilé àti ilẹ̀ bàbá. Àwa Mùsùlùmí mọ̀ pé Al-Kùránì pín ogún fún olúkúlùkù ọmọ, tọkùnrin tobìnrin. Níbi tí kò ti rí bẹ́ẹ̀, àbúrò gbọ́dọ̀ wá ọ̀nà oúnjẹ rẹ̀, bóyá nínú ṣọ́ọ̀ṣì, nínú iṣẹ́ agbẹjọ́rò tàbí nínú iṣẹ́ ológun. Àkọ́bí ń lọ kọ́ bí a ti ń ṣe ọ̀gá. Àbúrò ń lọ wá ohun tí yóò jẹ. Ní ti àwọn ọmọbìnrin, ọdún 1879 ni ilé àkọ́kọ́ tó ṣí fún wọn ní Oxford, 1920 ni wọ́n sì tó fún wọn ní oyè.

Tí ẹ bá wọ gbọ̀ngàn ìjẹun Christ Church ní nǹkan bí ọdún 1730, aṣọ ni yóò kọ́kọ́ sọ fún yín ẹni tí olúkúlùkù jẹ́. Ọmọ ìjòyè ńlá ń wọ gáùn olówó iyebíye, wajawaja wúrà sì ń mì lórí fìlà rẹ̀. Àwọn ọmọ olówó tó tẹ̀lé e ń wọ gáùn ṣẹ́dà. Owó tí wọ́n ń san ju ti àwọn yòókù lọ, ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ wọn fi kéré. Àwọn ọmọ gbáàtúù tó ń sanwó tẹ̀lé wọn. Nísàlẹ̀ pátápátá ni ọmọ ìránṣẹ́ wà. Òun ni ó ń gbé oúnjẹ kalẹ̀ níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀, tí ó ń jíṣẹ́ fún wọn, kí ó lè rí owó ilé-ìwé rẹ̀ san. Ní Cambridge náà, bákan náà ni. Isaac Newton, tí gbogbo ọmọ tó ń kọ́ sáyẹ́ǹsì mọ orúkọ rẹ̀, irú ipò yìí ni ó fi wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì Trinity ní 1661.

Ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń kọ́ ni èdè Látìnì àti Gíríìkì, ìmọ̀ àròjinlẹ̀, ìṣirò Euclid àti ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn wọn. Olùkọ́ kan ni wọ́n ń fi ọmọ lé lọ́wọ́, olùkọ́ yẹn ló sì kù sí. Bí ó bá jẹ́ olóòótọ́, ọmọ yóò mọ̀wé. Bí ó bá jẹ́ ọ̀lẹ, owó nìkan ni yóò gbà. Edward Gibbon wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì Magdalen ní 1752, kò tíì pé ọmọ ọdún 15, ó sì wọ ẹgbẹ́ àwọn ọmọ olówó. Oṣù 14 ni ó lò níbẹ̀. Nígbà tí ó di òpìtàn ńlá, ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò sí àkókò tí òun fi ṣòfò jù bẹ́ẹ̀ lọ láyé òun.

Ní òdìkejì ọ̀nà sí Christ Church ni kọ́lẹ́ẹ̀jì Pembroke wà. Samuel Johnson, ọmọ òǹtàwé kan, wọ ibẹ̀ ní 1728. Ó gbọ́ pé olùkọ́ rere kan wà ní Christ Church, ó sì ń kọjá lọ gba ẹ̀kọ́ olùkọ́ náà lẹ́nu ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó wà níbẹ̀. Bàtà rẹ̀ ti ya, ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ ń yọ síta. Nígbà tí ó rí i pé àwọn ọmọ Christ Church ń wo ẹsẹ̀ òun, kò lọ mọ́. Ẹnì kan ṣàánú rẹ̀, ó gbé bàtà tuntun sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Johnson fi ìbínú jù ú nù. Ní òpin ọdún 1729, owó tán, ó fi ilé-ìwé sílẹ̀ láìgba oyè. Johnson yìí kan náà ni ó kọ ìwé atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì tó jáde ní 1755. Ọdún yẹn ni Oxford tó wá fún un ní oyè.

Ilẹ̀kùn mìíràn tún wà tí wọ́n tì. Láti 1581, ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ wọ Oxford gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìlànà 39 ti ìjọ Gẹ̀ẹ́sì. Títí di 1854 ni òfin yìí fi lágbára lórí ẹni tó fẹ́ wọlé, ó sì di 1871 kí wọ́n tó mú ìyókù kúrò. Síbẹ̀, ẹ wo ohun ìyanu yìí: ní 1636, láàárín àsìkò òfin kan náà, wọ́n dá àga ọ̀jọ̀gbọ́n èdè Lárúbáwá sílẹ̀ níbẹ̀. Edward Pococke ni ẹni àkọ́kọ́ tó jókòó lórí rẹ̀. Ìlú Aleppo ní ilẹ̀ Síríà ni ó ti lọ kọ́ èdè náà fún ọdún bíi mélòó kan, lọ́dọ̀ àwọn Mùsùlùmí onímọ̀. Lẹ́yìn náà ó di ọ̀kan nínú àwọn aláṣẹ Christ Church. Ní 1671 ọmọ rẹ̀ tẹ ìwé Ibn Tufayl, Hayy ibn Yaqzan, jáde ní Oxford ní Lárúbáwá àti Látìnì. Wọ́n gba ìmọ̀ lọ́wọ́ Mùsùlùmí, ṣùgbọ́n Mùsùlùmí kò lè wọlé wá kàwé.

Nígbà tó yá, ìtìjú mú wọn. Cyril Jackson, olórí Christ Church láti 1783 sí 1809, fi dandan lé e pé kí ọmọ ìjòyè àti ọmọ gbáàtúù jọ máa jókòó fún àyẹ̀wò ẹ̀kọ́. Ní 1800 yunifásítì fúnra rẹ̀ ṣe òfin ìdánwò tòótọ́. Ọmọ olówó òwú kan, Robert Peel, tẹ́wọ́ gba ìjà náà. Ní 1808 ó ṣe ipò kìíní nínú Látìnì òun Gíríìkì, ó tún ṣe ipò kìíní nínú ìṣirò. Òun ni ó dá iṣẹ́ ọlọ́pàá Lọ́ńdọ̀nù sílẹ̀ ní 1829, ó sì di olórí ìjọba ní ẹ̀ẹ̀mejì. Owó bàbá rẹ̀ kò pa á lára, nítorí pé wọn kò jẹ́ kí owó náà kàwé fún un.

Ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni èyí. Nígbà tí wọ́n dá Kọ́lẹ́ẹ̀jì Yunifásítì sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1948, gáùn àti tábìlì gíga bá wọn dé. Ṣùgbọ́n a kò ní lọ jìnnà. Nígbà tí a wà ní ilé-kéú, àwa tí bàbá wa kò ní lọ́wọ́ ni a ń pọnmi, tí a ń ṣẹ́gi fún Àfáà. Ojú tì wá nígbà náà. Lónìí, a mọ̀ pé ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké.

Èyí tó dùn wá jù ni tiwa tí a ti di olùkọ́. Ní ọdún kan, bàbá kan wá bá wa. Ó ti ra aṣọ, ó ti pe àlejò, ó sì fẹ́ kí ọmọ òun bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe wòlímọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ náà kò tíì ka Al-Kùránì dé ìdajì. A wo owó tí ó gbé kalẹ̀, a sì gbà. Ọmọ náà jókòó pẹ̀lú láwàní funfun, ó ń mi ẹnu lẹ́yìn ohùn àwọn ẹlòmíràn. Àwọn ènìyàn ń ná owó fún un. Àwa nìkan ni a mọ̀, àti òun, àti Ọlọ́hun. Wajawaja wúrà ni a fi sí i lórí lọ́jọ́ náà. Láti ìgbà yẹn a kò tún ṣe irú rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n a kò lè dá ọdún tí ọmọ náà pàdánù padà fún un.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, ẹ má fi owó ra ipò fún ọmọ yín lọ́wọ́ wa. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí bàtà yín ya, ẹ má padà lẹ́yìn. Àwa olùkọ́ ẹgbẹ́ wa, ẹ jẹ́ kí á ka gbogbo ọmọ mọ́ iye tí agogo ń dún.

Kí Ọlọ́hun foríjì wá, kí Ó sì fún àwọn ọmọ wa ní ìmọ̀ tí yóò ṣe wọ́n láǹfààní. Àmín.