Aṣọ Obìnrin Atúnbàálùṣe: Ọ̀rọ̀ Wo Ló Yẹ Ẹ́?

Àwọn àwòrán kan wà láti ayé ogun Hítílà tí mo fẹ́ràn púpọ̀. Obìnrin á wà nídìí ẹ́ńjìnnì bàálù, á wé síkáàfù mọ́rí, á ká apá aṣọ sókè, gíríìsì á ti yí i lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bí akọ̀wé wa bá fẹ́ fi Yorùbá ṣàlàyé irú àwòrán bẹ́ẹ̀, “ọmọ ogun obìnrin nínú aṣọ ológun” ni yóò kọ. Ó máa ń dùn mí. Irọ́ ni wọ́n pa mọ́ obìnrin náà.

Ní oṣù Kẹjọ 1942, ayàwòrán Howard Hollem ya irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ní ibùdó bàálù àwọn ológun ojú omi Amẹ́ríkà ní Corpus Christi, ìpínlẹ̀ Texas. Ológun ló ni ibùdó, ológun ló ni bàálù, ṣùgbọ́n àwọn obìnrin tó ń tún un ṣe kì í ṣe ológun. Iṣẹ́ ìjọba ni wọ́n gbà. Aṣọ àti àmì ara rẹ̀ la fi ń mọ ìyàtọ̀ yìí, ẹni tó bá sì fẹ́ sọ ọ́ lédè wa gbọ́dọ̀ ní ọ̀rọ̀ tí kò ní da gbogbo wọn pọ̀ mọ́ra.

Àwọn ọ̀rọ̀ kan ò mú àríyànjiyàn wá. Bàálù dára, ọkọ̀ òfurufú náà dára. Síkáàfù ti di tiwa. Mẹkáníìkì, ta ni kò gbọ́ ọ? Èmi fẹ́ràn atúnbàálùṣe, nítorí pé “tún ṣe” máa ń là sí méjì kí ohun tí à ń tún ṣe lè jókòó sáàárín: atúnlùúṣe ń tún ìlú ṣe, atúnbàálùṣe ń tún bàálù ṣe. Ófáróòlù, kí a fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. Mo ti rí “ẹ̀wù asopọ̀mọ́ṣòkòtò” rí, ọ̀rọ̀ tí kò sí ọmọṣẹ́ mẹkáníìkì tó máa fi béèrè aṣọ lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀.

Ibi tí ìjà wà ni orúkọ ẹni tí kì í ṣe ológun. Ìwé ìròyìn ti fún wa ní “alágbádá”: ìjọba alágbádá, ìjọba ológun. Nínú ọ̀rọ̀ òṣèlú, mi ò bá a jà. Ṣùgbọ́n aṣọ gan-an là ń sọ níhìn-ín. Bí mo bá kọ “obìnrin alágbádá tó ń tún bàálù ṣe”, agbádá ni òǹkàwé yóò máa wá nínú àwòrán: aṣọ ọkùnrin, aṣọ òde, aṣọ tí ẹ̀rọ tó ń yí lè fà wọlé kíákíá. Ọ̀rọ̀ tó ti gba ìtumọ̀ tuntun nínú òṣèlú á padà sí ìtumọ̀ rẹ̀ àtijọ́, á sì ba gbólóhùn jẹ́.

Aráàlú ló tẹ́ mi lọ́rùn. Àwọn kan ní sójà náà, ará ìlú kan ni. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ bí a ṣe ń lò ó: bí sójà bá wọ ìgboro, àwọn tó kù là ń pè ní aráàlú. Ìlò ti yanjú ohun tí ìpilẹ̀ ọ̀rọ̀ fi sílẹ̀. Lábẹ́ rẹ̀ ni kí a wá to òṣìṣẹ́ ìjọba, bíi ti Corpus Christi, àti òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́, bí àwọn obìnrin tó ń kan bàálù ní iléeṣẹ́ Douglas ní Long Beach. Obìnrin tó fi iṣan apá hàn nínú àwòrán ìwúrí tí J. Howard Miller yà fún iléeṣẹ́ Westinghouse, báàjì òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ ló wà ní kọ́là rẹ̀. Ológun obìnrin wà lóòótọ́: àwọn WAC, ẹgbẹ́ obìnrin Amẹ́ríkà tó di ara iṣẹ́ ológun ní 1943, ní mẹkáníìkì tiwọn, orí Athena, òrìṣà àwọn ará Gíríìsì, ló sì máa ń wà ní kọ́là kóòtù wọn. Nínú ófáróòlù, obìnrin aráàlú àti obìnrin ológun lè jọra bí ìbejì. Àmì ló ń yà wọ́n.

Àmì wo wá ni? “Àmì ẹ̀yẹ” tí wọ́n ń kọ káàkiri kò tọ̀nà. Ẹ̀yẹ ni ti ẹni tó ṣe ohun tó yẹ fún ìyìn, kì í ṣe ti ẹni tó kàn ń wọlé síbi iṣẹ́. Àmì ìdánimọ̀ ni. Báàjì ni èyí tí wọ́n ń fi píìnì mú mọ́ aṣọ. Èyí tí wọ́n ń rán sí èjìká ló le. Atúmọ̀ èdè kan pè é ní “àbùlẹ̀”. Ẹ jọ̀ọ́! À-bù-lẹ̀: a bu ìrépé, a fi lẹ aṣọ tó ya. Aṣọ òtòṣì ló ń ní àbùlẹ̀. “Àlẹ̀mọ́” sàn díẹ̀, àmọ́ ìwé ara ògiri là ń lẹ̀ mọ́ nǹkan. Abẹ́rẹ́ àti òwú ló gbé eléyìí dúró. Ohun tí a rán mọ́ aṣọ, àránmọ́ ni. Àwọn kan ní yóò dà bí àìsàn tó ń ràn mọ́ni. Rárá o: rán pẹ̀lú ohùn òkè, ràn pẹ̀lú ohùn ìsàlẹ̀. Kí akọ̀wé fi àmì ohùn sí i bó ṣe yẹ, ìṣòro tán.

Ẹ wo bí àwọn ọ̀rọ̀ yìí ṣe ṣiṣẹ́ lára Willa Brown, adúláwọ̀ tó gba ìwé ẹ̀rí mẹkáníìkì bàálù ní Chicago ní 1935. Ní 1942 ó di ọ̀gá nínú Civil Air Patrol, ẹgbẹ́ aráàlú tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù Kejìlá 1941. Irú aṣọ àwọn ológun ni wọ́n gbà wọ́n láyè láti wọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀já èjìká rẹ̀ pupa, kí wọ́n má baà ṣì wọ́n mú fún sójà. Àránmọ́ wọn jẹ́ òbìrìkìtì búlúù, onígun mẹ́ta funfun nínú rẹ̀, abẹ̀bẹ̀ bàálù pupa nínú ìyẹn. Aráàlú, ọ̀já èjìká, àránmọ́: mẹ́ta péré, òye sì yé.

Ó ku yunifọ́ọ̀mù fúnra rẹ̀. Àwọn onítara èdè fẹ́ “ẹgbẹ́jọdá”. Ọ̀rọ̀ tó rẹwà ni, ṣùgbọ́n ẹ tú u wò: ẹgbẹ́ ló jọ dá aṣọ, owó wọn ni, ìfẹ́ wọn ni. Yunifọ́ọ̀mù, aláṣẹ ló ń pa á láṣẹ. Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ àyálò níhìn-ín, kí ẹgbẹ́jọdá lè máa jẹ́ ẹgbẹ́jọdá. Ó tilẹ̀ ní ibi tó bá mu nínú ìtàn yìí. Àwọn WASP, obìnrin aráàlú tó ń wa bàálù fún àwọn ológun Amẹ́ríkà, kọ́kọ́ fi owó ara wọn ra ṣòkòtò kakí àti ṣẹ́ẹ̀tì funfun. Ẹgbẹ́jọdá nìyẹn. Èyí tó jẹ́ búlúù, tí wọ́n fi lé wọn lọ́wọ́ ní 1944, yunifọ́ọ̀mù ni.