Ìwòye Kristẹni lórí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ní Ísírẹ́lì àti Palẹstínì

Ìwòye Kristẹni lórí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ní Ísírẹ́lì àti Palẹstínì jẹ́ àwọn èrò àti ẹ̀kọ́ tí àwọn ìjọ gbé kalẹ̀ nípa ohun tó tọ́ sí àwọn ènìyàn méjèèjì tí wọ́n ń du ilẹ̀ kan náà. Ní Nàìjíríà, ọ̀rọ̀ náà kan ìgbàgbọ́, ìrìn-àjò mímọ́ àti ìbáṣepọ̀ pẹ̀lú ilẹ̀ òkèèrè.

Ní ilẹ̀ Yorùbá

Inú Bíbélì tí Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ túmọ̀ ni ọ̀pọ̀ Yorùbá ti kọ́kọ́ mọ orúkọ Ísírẹ́lì. Orúkọ kan náà ni orílẹ̀-èdè tí wọ́n dá sílẹ̀ ní oṣù Karùn-ún 1948 ń jẹ́, nítorí náà ni ọ̀pọ̀ onígbàgbọ́ kì í fi ya méjèèjì sọ́tọ̀. Ní ìwọ̀-oòrùn Èkìtì, ìjọ aládùúrà fìdí múlẹ̀ gan-an. Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ni wọ́n sin Joseph Ayọ̀ Babalọlá ti Ìjọ Àpọ́sítélì Kristi sí ní 1959. Ẹni tó bá lọ sí Jerúsálẹ́mù sábà máa ń fi JP kún orúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n Bẹ́tílẹ́hẹ́mù, tí àwọn arìnrìn-àjò náà máa ń dé, wà ní Bèbè Ìwọ̀-oòrùn odò Jọ́dánì, lábẹ́ àwọn aláṣẹ Palẹstínì. Àlejò láti Èkìtì lè dé ìlú méjèèjì lọ́jọ́ kan. Kristẹni ọmọ Palẹstínì tó ń gbé Bẹ́tílẹ́hẹ́mù gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ Ísírẹ́lì kí ó tó wọ Jerúsálẹ́mù, tí kò ju nǹkan bíi kìlómítà mẹ́wàá lọ.

Ìjọba Nàìjíríà já ìbáṣepọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú Ísírẹ́lì ní 1973, ó gba Palẹstínì gẹ́gẹ́ bí orílẹ̀-èdè ní 1988, ó sì dá ìbáṣepọ̀ náà padà ní 1992. Ààrẹ Goodluck Jonathan lọ sí ìrìn-àjò mímọ́ ní Ísírẹ́lì ní oṣù Kẹwàá 2013. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kejìlá 2014, Ìgbìmọ̀ Ààbò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé dìbò lórí àbá tó ní kí Ísírẹ́lì kúrò lórí ilẹ̀ Palẹstínì kí 2017 tó parí. Ìbò 8 ni àbá náà rí, 9 ni ó nílò. Nàìjíríà wà lára àwọn márùn-ún tí kò gbè sápá kankan. Ìgbàgbọ́ nìkan kò tó láti ṣàlàyé ìpinnu náà.

Àríyànjiyàn láàárín àwọn ìjọ

Àwọn kan gbà pé ìpadàbọ̀ àwọn Júù jẹ́ ìmúṣẹ àsọtẹ́lẹ̀. Ní 2006, àwọn olórí ìjọ mẹ́rin ní Jerúsálẹ́mù kọ ẹ̀kọ́ yìí. Ní oṣù Kejìlá 2009, àwọn Kristẹni Palẹstínì gbé ìwé Kairos Palestine jáde, ní títẹ̀lé àpẹẹrẹ ti Gúúsù Áfíríkà ní 1985. Wọ́n pe ìjẹgàba ológun lórí ilẹ̀ wọn ní ẹ̀ṣẹ̀, wọ́n sì pè fún àtakò tí kò ní ìwà ipá nínú. Àwọn alátakò rẹ̀ sọ pé ó fojú kéré ìjìyà àwọn ará Ísírẹ́lì.

Àríyànjiyàn náà tún le sí i lẹ́yìn ọjọ́ 7 oṣù Kẹwàá 2023, nígbà tí Hamas àti àwọn ẹgbẹ́ mìíràn pa nǹkan bí 1,200 ènìyàn ní Ísírẹ́lì, tí wọ́n sì jí nǹkan bí 250 gbé lọ. Lọ́jọ́ 19 oṣù náà, bọ́ǹbù Ísírẹ́lì balẹ̀ sí ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì Porphyrius Mímọ́ ní Gásà, ó sì pa àwọn tó sá sí i. Póòpù Francis bèèrè ìdásílẹ̀ àwọn tí wọ́n jí gbé àti ìdádúró ogun. Ó ń pe ìjọ Kátólíìkì Gásà lórí fóònù fẹ́rẹ̀ẹ́ lálaalẹ́, títí di ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú ikú rẹ̀ ní oṣù Kẹrin 2025.